Ilé ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí a gbà ní Àbújá, àti ẹjọ́ odó Màmá

Ìràwọ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ni mo fún ilé náà nínú márùn-ún. Mẹ́rin ló wà lọ́kàn mi nígbà tí a ń kó ẹrù wa jáde níbẹ̀. Ọjọ́rú tó tẹ̀lé Àjíǹde ni owó ìdúró wa padà wọlé tí kò pé, ni mo bá gé ààbọ̀ kúrò. N kò ní dárúkọ ẹni tó nilé, torí n kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ìyá ọlọ́mọ tó bá ń ro irú ìrìn àjò yìí lè mọ ohun tó máa bi wọ́n kó tó sanwó.

Aránṣọ ni mí, ní Bàsírì ní Adó-Èkìtì. Tíṣà ni bàbá àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́ta la bí: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 13, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 10, àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 6 ni. Ìyá ọkọ mi ló ṣe ìkẹfà wa. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, Màmá sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Ọmọ ọdún 10 yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà wọn béèrè olú-ìlú Nàìjíríà ní kíláàsì, gbogbo wọn pariwo "Àbújá!" Tíṣà wá ní kí ẹni tó bá ti débẹ̀ rí nawọ́ sókè. Ọmọ kan ṣoṣo ló nawọ́. Láti ìgbà Kérésì ni tèmi ti ń fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ yẹn yọ wá lẹ́nu. Bàbá wọn bá ní ó dáa, bí sáà kejì bá ti parí, kí Àjíǹde ọdún 2025 tó dé, a máa lọ fojú rí Àbújá. Nínú oṣù Kejì ni mo rán aṣọ ẹbí fún ìsìnkú àgbàlagbà kan, odindi ọgọ́ta bùbá. Owó yẹn la tì mọ́lẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì la kọ́kọ́ ń wò. Èèyàn mẹ́fà kò lè sùn sí yàrá kan, yàrá méjì sì ń lọ sí 60,000 náírà lálẹ́ kan, kò tún síbi téèyàn ti lè se ìrẹsì. Ẹni tó bá ní ọmọkùnrin ọdún 13 nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá ní ká máa ra oúnjẹ fún èyí nìkan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ mi la máa fi dógò ká tó délé. Bí a ṣe yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni nílé fún ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní shortlet: yàrá méjì, pálọ̀, kíṣìnnì, ní Gwarinpa, 50,000 lálẹ́ kan. Alẹ́ mẹ́rin, 200,000. Wọ́n tún gba 40,000 owó ìdúró, wọ́n ní bí a kò bá ti ba nǹkan jẹ́, àwọn á dá a padà láìku kọ́bọ̀.

Lórí fóònù, ilé náà wuyì. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó balẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ "6 by 6" sí abẹ́ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá, ìnífátà fún ìgbà tí kò bá sí iná. Ohun tí àwòrán kò sọ ni pé òkè pátápátá ni, ilé alájà mẹ́ta, kò sì sí ohun tó ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀ bí kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ odó ti bẹ̀rẹ̀ ká tó kúrò nílé. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo ń di ẹrù tí mo rí nǹkan rìbìtì kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí Màmá ti fi ìró àtijọ́ wé, tí wọ́n fi okùn so ọmọ odó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣu mẹ́fà wà nínú àpò. Mo ní, "Màmá, Àbújá la ń lọ o." Wọ́n ní, "Ṣé àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹun ni?" Mo wo ojú bàbá àwọn ọmọ. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má gbé odó dání, ó yẹ kó ti mọ ohun tí ìyá máa jẹ lálẹ́. Kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹrin, aago mẹ́fà àárọ̀ la ti wà ní gárèjì. Síẹ́nà la wọ̀, 20,000 lórí èèyàn kan, mo gbé àbígbẹ̀yìn sórí itan kí n má baà san tiẹ̀. Wọ́n ní èèyàn méje ni ọkọ̀ náà máa kó. Nígbà tí a fi máa gbéra, méjì ti fún ara wọn mọ́ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àwọn agbẹ́rù gba 2,000 lọ́wọ́ wa lórí odó, wọ́n ní ẹrù líle ni. Màmá bi wọ́n pé ṣé ẹrù rírọ̀ wà tí wọ́n ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà ò burú tó bí ẹ̀rù ṣe ń bà wá. Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Òmùò, a bọ́ sí ilẹ̀ Kogí. Awakọ̀ dúró ní Kàbà kó lè jẹun. Obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín níbẹ̀ kí wa, "Òkun o!" Màmá náà dáhùn, "Òkun!" Àfi bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti bí wọn: obìnrin yẹn ń sọ Owé, Màmá ń sọ Èkìtì, kò sí ẹni tó ṣi ẹnì kejì gbọ́. Mọ́ínmọ́ín méjì ni wọ́n fi ṣe èènì fún wa. Nígbà tí a kọjá Ọ̀bájànà tó kún fún tírélà símẹ́ńtì, tí a la Lókójà já, tí a gun afárá ńlá tó kọjá lórí Odò Ọya, àbígbẹ̀yìn tó ti ń sùn láti àárọ̀ dìde dúró lórí itan mi, ó nàka sí omi: "Ẹ wò ó! Òkun tí ìyẹn ń kí wa nìyẹn!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wọn fẹ́ lo àǹfààní yẹn láti ṣàlàyé bí Ọya àti Bénúè ṣe pàdé ní Lókójà, àti pé láti Lókójà ni àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ ń ṣèjọba Àríwá Nàìjíríà lọ́dún 1900. Tíṣà kì í gba ìsinmi. Èmi ti sùn lọ kó tó parí rẹ̀.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ la wọ Àbújá.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ yin ẹni tó yẹ. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ilé náà ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó ní, "Òkun, mà." Ọmọ Ìjùmú ni. Àbígbẹ̀yìn wojú mi, bí ẹni pé, ṣé omi tún wà níbí ni? Ọmọbìnrin náà gbé àpò iṣu gun òkè fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà wá gbé nǹkan rìbìtì yẹn tó rí i pé kò ṣeé dá gbé, ó béèrè pé kí ni. Bàbá àwọn ọmọ ní, "Ẹrù Màmá ni."

Ilé náà mọ́. Mo kọ́kọ́ wo ilé ìwẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo fi ń mọ ilé: omi ń yọ, kò sí òórùn, gbogbo táìlì ló funfun. Kíṣìnnì gan-an ni ìràwọ̀ rẹ̀. Gáàsì olójú mẹ́rin, fíríìjì tó ń dì, ìkòkò mẹ́ta, abọ́ tó tó èèyàn mẹ́fà. Ọ̀bẹ wọn nìkan ni kò lè gé bọ́tà. Omi inú táńkì kò tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti ń fa omi nínú kànga láràárọ̀ kò ní fojú kéré ìyẹn.

Mo wá wọ yàrá. Mo máa ń gbé téèpù kiri nínú báàgì bí ẹlòmíì ṣe ń gbé tẹ̀sùbáà. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé téèpù wa kò ju 60 ínǹṣì lọ. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹ kó jẹ́ 72, ìyẹn ni pé téèpù máa tán kí bẹ́ẹ̀dì tó tán. Mo fi orí téèpù mú etí kan, mo nà án. Bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ tán: 54. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ààbọ̀. Mo lọ wọn ti yàrá kejì, 54. Mo pe ọmọbìnrin yẹn wá, mo fi han án. Ojú tì í. Ó ní ilé mìíràn tí ọ̀gá òun ní ni àwòrán bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó lọ gbé fóòmù kan wá láìjẹ́ pé mo bá a jà, a tẹ́ ẹ sí pálọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. A sùn, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá àwọn ọmọ tí a kì í ṣe èèyàn tín-ín-rín, ṣe la ń sọ fún ara wa ká tó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé yẹn náà, mo gbé etí rẹ̀ sókè. Ìṣẹ́po rẹ̀ ti tú láti òpin dé òpin, píìnì ọ́fíìsì ni wọ́n fi há a mọ́ra. Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní n kò wá Àbújá wá ṣiṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ kejì la gún iyán. Màmá ti jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, wọ́n jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, mo rí i lójú wọn pé ìfaradà ti dé òpin. Wọ́n se iṣu, wọ́n tú odó sílẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ká ìró àtijọ́ yẹn mẹ́rin, wọ́n fi ṣe òṣùká sábẹ́ odó kó má baà ba táìlì jẹ́. Èèyàn tó ń ro ti táìlì, tí kò ro ti àjà! Àkọ́bí mi gbá ọmọ odó mú. Gbì. Gbì. Gbì. Ṣíbí inú dúrọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ní kó rọra. Màmá ní iyán tí wọ́n bá rọra gún, kókó ló máa ń ní.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Màígàdì ni, bàbá àgbà kan tó jẹ́ Hausa, tó ti gbé Ṣàgámù rí, tí Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní òrùlé ń mì lórí àwọn. Wọ́n ní ṣé ẹ̀ ń wó ilé ni?" Màmá kò dìde lórí àpótí tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé ó ku díẹ̀." Ọkùnrin náà na ọrùn, ó wo inú odó. Iyán ti ń funfun, ó ti ń fà, àkọ́bí mi ń yí i pẹ̀lú omi díẹ̀ létí. Ojú bàbá yẹn yí padà. Ó ní, "Kai! Sakwara!" Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe iyán lédè Hausa. Màmá bu òkèlè ńlá kan sínú abọ́, wọ́n da ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ lé e, bàbá náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́, ó sọ̀kalẹ̀. N kò mọ ohun tó lọ sọ fáwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún kan ilẹ̀kùn wa lálẹ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin yẹn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ọ̀gá òun ní ká jọ̀ọ́ má gún nǹkan nínú ilé mọ́. A gbà. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìnkùnlé ni odó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, orí yẹ̀pẹ̀, màígàdì gan-an ló sì ń gún un. Ẹ rántí èyí, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti ìlú, ohun tó ya àwọn ọmọ lẹ́nu kì í ṣe ohun tí mo rò. Àbígbẹ̀yìn ń wá ọ̀kadà. Lójú tiẹ̀, ibi tí kò bá sí ọ̀kadà kì í ṣe ìlú. Bàbá rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé wọn kúrò láàárín ìgboro Àbújá. Takisí wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé tí ìlà funfun wà lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti gba owó òmùgọ̀ lọ́wọ́ wa. Ní Adó, bí mo bá sọ pé mo fẹ́ dírọ́ọ̀pù ní Fájuyì, ohun tí mò ń wí ni pé ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ bá dá awakọ̀ kan dúró, ó ní, "Dírọ́ọ̀pù, Wúsè." Awakọ̀ náà ní ká wọlé, ó tiẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún Màmá. Lẹ́yìn tí a dé ọjà Wúsè ló ní 7,000. Ní Àbújá, bí o bá ti pe dírọ́ọ̀pù, odindi ọkọ̀ lo gbà yẹn; ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn èrò yòókù wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń pè ní "along". A ti jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, a ti sọ̀kalẹ̀, kí la fẹ́ sọ? A sanwó. Bolt la ń pè láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan kì í gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ, nítorí náà méjì méjì là ń pè, ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín.

A wo Mọ́sáláṣí Àpapọ̀ olórí wúrà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1984, a wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní òdìkejì rẹ̀. Ìta la dúró sí. Màmá fẹ́ kí wọ́n ya òun ní àwòrán kan tí méjèèjì máa wà nínú rẹ̀, torí àbúrò wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bàbá àwọn ọmọ sún mọ́ ẹ̀yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ títì, kò bọ́ sí i. Lọ́nà ibẹ̀ ló ti tún sọ ìtàn bí Àbújá ṣe di olú-ìlú: ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ṣe alága rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó kúrò ní Èkó, òfin rẹ̀ jáde nínú oṣù Kejì ọdún 1976, ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba tó kó dé ibẹ̀ pátápátá. Mo wà ní praimárì nígbà yẹn. Mo rántí pé Èkó ni tíṣà wa ṣì ń jẹ́ kí a kọ, nígbà tó sì yá ó ní ká fi rọ́bà pa á rẹ́.

Nígbà tí wọ́n fi Òkè Aso han àwọn ọmọ, àkọ́bí mi wò ó, ó ní, "Òkè lásán ni?" Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọ tó ń lọ kí ìdílé ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń rí Olósùnta láti ojú fèrèsé, òkè wo ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Zuma ló sàn díẹ̀ lójú wọn. Ọjọ́bọ̀ la lọ, torí ó rọrùn láti Gwarinpa, ọ̀nà Kubwa la gbà dé Zuba, a kọjá sí Madalla. Bí a ṣe ń lọ la rí obìnrin Gbagyi kan tó ń gbé igi ìdáná lọ. Èjìká ló gbé e lé, kò gbé e lé orí. Màmá ní kí awakọ̀ rọra. Wọ́n yíjú tẹ̀ lé obìnrin yẹn títí ó fi wọ igbó, wọ́n ní, "Ọrùn tiẹ̀ máa pẹ́ láyé." Bàbá àwọn ọmọ ní Zuma tí gbogbo ayé ń pè ní òkè Àbújá yìí, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Niger ló wà. Àpáta dúdú kan ṣoṣo ni, ó yọ gannboro nínú ilẹ̀, ìlà funfun ń ṣàn sísàlẹ̀ lára rẹ̀, ní apá kan o máa rí nǹkan tó dà bí ojú àti ẹnu. Ibẹ̀ ni Màmá ti tú ìtí ìró wọn. Wọ́n yọ owó bébà 100 náírà kan tí wọ́n ká kéékèèké, irú èyí tó jáde ní 1999, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe ní 2014. Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Wọ́n yí i padà: Zuma nìyẹn lẹ́yìn. Ọmọ ọdún 10 yẹn gba owó náà, ó nà án sókè sí àpáta, ó di ojú kan, ó ń sún un sọ́tùn-ún sósì títí méjèèjì fi bá ara wọn mu. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Màmá, wọn ò ya ẹnu rẹ̀." Màmá gba owó wọn padà, wọ́n tún un dì. Wọ́n ní Olósùnta kò sí lórí owó kankan, ó sì ju èyí lọ. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Ó pẹ́ tí owó yẹn ti wà nínú ìró Màmá, àwa tí a ń gbélé pọ̀ pẹ̀lú wọn kò mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni iná kú ní aago mọ́kànlá. Kì í ṣe pé àwọn oníná mú un lọ o, owó orí mítà ló tán. Ìnífátà gbé gílóòbù àti fáànù, kò gbé éèsì, ooru oṣù Kẹrin Àbújá sì kì í ṣe ooru Èkìtì tí òkè ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Mo pe ọmọbìnrin yẹn, ó ní iná tí ọ̀gá òun fi sílẹ̀ yẹ kó tó ọjọ́ mẹ́rin, pé éèsì la ń tàn. Mo ní ṣebí torí éèsì la fi sanwó. Ó fi 5,000 ránṣẹ́, àwa náà fi 5,000 kún un. Ẹ bi wọ́n nípa mítà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọ ilé wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ta ló ń ra iná, mélòó ló sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Nígbà tí mo ń dúró de nọ́ńbà tí a máa tẹ̀ sí mítà, oorun kò wá, ọwọ́ mi ń yún mi. Mo yọ abẹ́rẹ́ àti òwú ewé, mo fa kọ́tìnnì yẹn sórí itan, mo ṣẹ́ ẹ po láti òpin dé òpin. Méjèèjì. Nígbà tí iná fi dé, mo ti ń so òwú.

Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ Gúdù Fúráìdé. Màmá gbààwẹ̀ títí di aago mẹ́ta. Nígbà tí oòrùn rọ̀, a lọ sí adágún Jabi, àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú bàbá wọn. Màmá ní odò tí èèyàn fọwọ́ sé kò ní ohun tó fẹ́ fi òun ṣe. Èmi àti wọn jókòó, a ń jẹ kílíṣí tó ta létè. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ nípa Jabi, kílíṣí yẹn dára.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la kó ẹrù wa sọ̀kalẹ̀, torí Màmá gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Àjíǹde pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìyá. Mo gbá ilé, mo fọ gbogbo ìkòkò, mo ya fọ́nrán ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin sórí fóònù, títí kan táìlì ibi tí odó jókòó sí. Kò sí ibì kankan tó sán. Màígàdì ló gbé odó sínú ọkọ̀ fún wa. Kò gba owó.

Ọjọ́rú ni áláàtì wọlé: 28,000. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ọmọbìnrin Ìjùmú yẹn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú, kì í ṣe èmi. Ọ̀gá ní àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí n yọ 12,000 torí ariwo." Mo ní ariwo ìgbà wo? Alẹ́ kan ṣoṣo, kò tó ìdajì wákàtí, wọ́n sì ní ká má gún un nínú ilé mọ́, a kò gún un. Owó tí wọ́n gbà torí nǹkan tó bá bàjẹ́, kí ló bàjẹ́? Kò fèsì. Mo ní ó dáa. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo kọ ọ́ sórí bébà tí mo fi ń kọ owó iṣẹ́ fáwọn oníbàárà: ṣíṣẹ́ etí kọ́tìnnì po, méjì, 3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 6,000. Iná mítà, 5,000. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo ní kó fún ọ̀gá rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì san án. Ṣùgbọ́n ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó ní ọ̀gá òun lọ wo kọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀, ó ní kí òun sọ fún mi pé bí a bá tún ń bọ̀, àwọn máa yọ 11,000 kúrò nínú owó ilé. Àwọn ọmọ ti gbọ́. Wọ́n ti ń pe oṣù Kẹjọ. Mo bi í pé ṣé wọ́n ní ilé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní ọ̀kan wà, bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ni èyí tó wà nínú àwòrán. Màmá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo rò pé wọ́n ń tòògbé, ní kí n bi í bí ẹ̀yìnkùnlé ibẹ̀ ṣe rí, ṣé símẹ́ńtì ni àbí yẹ̀pẹ̀.